POR-15 lára píkọ́ọ̀pù 504 tó ti dógùn-ún: ibi tó ti wúlò, ibi tó ti ń dójú tini

Láti 1975 tí ilé-iṣẹ́ Peugeot tó wà ní Kàdúná ti bẹ̀rẹ̀ sí í to 504, ọkọ̀ náà ò kúrò lójú títì wa. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ìṣòro. Páànù rẹ̀ ni ìpáàrà ń jẹ. Nínú gbogbo ọ̀dà tí wọ́n ń ta fún irin tó ti dógùn-ún, POR-15, tó wá láti Amẹ́ríkà, ni àwọn èèyàn ń jiyàn lé lórí jù. Àwọn kan ní kò sí irú rẹ̀, àwọn kan ní owó àwọn wọgbó. Bí ẹ bá lò ó fún abẹ́ ọkọ̀, inú ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ẹ ò ní kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n ìta ọkọ̀ tí oòrùn ń pa kì í ṣe àyè rẹ̀ rárá.

Ọ̀dà ni, kì í ṣe oògùn tó ń pa ìpáàrà. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú kó gan. Bó bá ti gan tán, omi àti afẹ́fẹ́ ò ráyè dé ara irin mọ́, ìpáàrà tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì dúró síbi tó dé. Irin tó rí hẹ́gẹhẹ̀gẹ ló fẹ́ràn, torí ó ń rí nǹkan dì mú níbẹ̀. Bí ẹ bá kùn ún sórí páànù tuntun tó ń dán, tàbí sórí ọ̀dà àtijọ́ tó ṣì ń kọ mànà, yóò bó bí awọ ejò. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ kùn ún síbẹ̀, ẹ fi sáńpépà 80 (nọ́ńbà tó bá kéré ló ń ha jù) ha gbogbo ojú rẹ̀ títí dídán náà yóò fi lọ.

Kẹ́ ẹ tó ṣí agolo, ẹ fi ìdí sukurudíráfà kan gbogbo ara ọkọ̀ kiri: igun ilẹ̀ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù níbi tí iyanrìn àti omi ń dúró sí, òkè táyà, etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, abẹ́ rọ́bà gíláàsì iwájú. Ibi tó bá dún ganngan ṣì le. Ibi tó bá dún pọ̀ọ̀, tàbí tí irinṣẹ́ wọlé sí, ti jẹra tán, kò sì sí ọ̀dà tó lè sọ ọ́ di irin padà. Ẹ gé e dé ibi tó le, kí wẹ́dà fi páànù tó nípọn tó mílímítà 0.8 sí 1 dí i. Ẹ ní kó máa jó o ní tótòtó, kó máa fò láti ìhà kan bọ́ sí ìhà kejì, torí bí iná bá pẹ́ lójú kan, páànù á ká kò. Àwọn pànẹ́bítà kan wà tí wọ́n á rọ́ ìwé ìròyìn sínú ihò, tí wọ́n á fi fílà, ìyẹn àtè tí wọ́n fi ń tẹ́ ojú páànù, bò ó mọ́lẹ̀. Omi ni fílà ń mu. Òjò kan sí méjì, ojú ibẹ̀ á wú.

Nǹkan mẹ́ta ni ilé-iṣẹ́ náà ní kí èèyàn lò tẹ̀ lé ara wọn: ohun ìfọ̀ra, Metal Prep, lẹ́yìn náà ọ̀dà fúnra rẹ̀. Ọṣẹ ìfọwọ́ṣọ líle àti omi gbígbóná lè rọ́pò àkọ́kọ́, bí ẹ bá fọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tẹ́ ẹ sì ṣàn án dáadáa. Ẹ má fi pẹtiróòlù tàbí kẹrosín nù ún, torí wọ́n ń fi òróró sílẹ̀. Metal Prep ni kẹ́ ẹ má fò. Ásíìdì ni, zinc sì wà nínú rẹ̀. Ẹ fọ́n ọn sí irin, kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà ní tútù fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bó bá fẹ́ gbẹ, ẹ tún fọ́n sí i, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi omi ṣàn án. Nǹkan funfun fẹ́ẹ́rẹ́ bí eérú tó bá kù lára irin kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ má fá a kúrò, òun ni ọ̀dà fẹ́ lẹ̀ mọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ ni gbígbẹ irin. Ojú irin lè ti gbẹ kí omi ṣì sá pamọ́ síbi tí páànù méjì ti pàdé. Bí ọ̀dà yìí bá bá omi, gáàsì á máa jáde lábẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì kún fún ileróro. Ẹ fi kọ̀ńpírẹ́sọ̀ fẹ́ gbogbo ojúpọ̀, kẹ́ ẹ sá ọkọ̀ sóòrùn fún wákàtí díẹ̀. Lásìkò òjò ní Èkó, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ nìkan tó láti mú ojú rẹ̀ gan kí abẹ́ rẹ̀ tó ṣe tán. Nítorí náà ẹ dúró kí ìrì gbẹ pátápátá, kẹ́ ẹ sì kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Lásìkò ọyẹ́, ó máa ń pẹ́ kó tó gan, eruku á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn, kódà nínú gáréèjì.

Ẹ rò ó pẹ̀lú igi, ẹ má mi agolo, torí mímì ń kó afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ má fi tínà là á. Búrọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú ti tó, ó ń tẹ́jú fúnra rẹ̀ bó bá ṣe ń gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kẹ́ ẹ kùn ún. Láàárín wákàtí 2 sí 6, ẹ fi ìka tó wà nínú ìbọ̀wọ́ kàn án: bí kò bá yí ìka mọ́, ṣùgbọ́n tó ṣì ń fà á díẹ̀, àsìkò ẹ̀ẹ̀kejì ti tó. Bó bá ti le pátápátá kẹ́ ẹ tó padà, ọ̀dà kejì ò ní dì í mú àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ fi sáńpépà ha á.

Ìbọ̀wọ́ kì í ṣe àṣejù. Bí èyí bá gbẹ sára, kò sí tínà tó ń mú un kúrò, ẹ ó máa gbé e kiri títí awọ ara yóò fi pààrọ̀ ara rẹ̀. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní isocyanate wà nínú rẹ̀, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, torí náà ìbòmú oní-àgbá fún òórùn kẹ́míkà ni kẹ́ ẹ lò. Èyí tí wọ́n fi aṣọ rán ò lè ṣe nǹkan kan. Ẹ má fi gọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà, fín in nílé.

Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Bó bá ń rí oòrùn, dídán rẹ̀ á lọ, á di ràkọ̀ràkọ̀, á máa kun ọwọ́ bí ẹfun. Abẹ́ ọkọ̀ ò ní ìṣòro yìí. Ilẹ̀ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ní tirẹ̀ nílò ọ̀dà mìíràn lórí rẹ̀.

Fún fẹ́ńdà, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ìta ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ á gbé POR-15 sẹ́yìn, kẹ́ ẹ lo epoxy primer, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ irin. Ẹ fá irin dé ibi tó ti mọ́, ẹ fín epoxy, kí fílà tó tẹ̀ lé e. Háádínà, èyí tó ń mú fílà le, tó wọ inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ: bó bá pọ̀, ó ń yọ àwọ̀ pupa gba inú ọ̀dà tó wà lórí rẹ̀ jáde. Nínú ooru wa, ẹ má po ju èyí tẹ́ ẹ lè lò láàárín ìṣẹ́jú 3 sí 4. Kó má nípọn ju mílímítà 6 lọ. Sáńpépà 80, 180, lẹ́yìn náà primer tó nípọn, kẹ́ ẹ wá fi 600 àti omi fá a. Ọ̀dà 2K, èyí tí wọ́n ń po háádínà tirẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó fín in, ló ń pẹ́ jù. Ẹnu gọ́ọ̀nù mílímítà 1.3 tàbí 1.4, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta, kó sinmi ìṣẹ́jú 10 sí 15 láàárín wọn. Nítorí isocyanate tó wà nínú 2K, ẹ gbé fífín rẹ̀ fún pẹ́ńtà tó ní ohun ìmí tó péye. Bó bá jẹ́ NC (ọ̀dà nitrocellulose, tí kò nílò háádínà) lẹ rà nítorí owó, ẹ lo tínà tó ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ lásìkò òjò, nítorí èyí tó yára ń jẹ́ kí ojú ọkọ̀ funfun bí ìgbà tí èéfín bò ó.

Tẹ́ ẹ bá ń ra POR-15, ẹ ra agolo kékeré mélòó kan dípò ńlá kan. Ẹ bu èyí tẹ́ ẹ fẹ́ lò sínú ìkòkò mìíràn, ẹ má da èyí tó ṣẹ́kù padà sínú rẹ̀. Ẹ nu etí agolo mọ́ fínnífínní, ẹ fi náílọ̀nù sáàárín òun àti ìdérí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdérí á lẹ̀ pinpin débi pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gé agolo. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ rọra dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ́ ẹ tẹ́tí sí i. Bí nǹkan olómi ò bá mì nínú rẹ̀, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.