Ẹ̀pà inú ọ̀rá àti Tom Brown ọjà Ìkòròdú: èwo ni fún ọmọ wo?

Tí ẹ bá mú ọ̀rá Plumpy'Nut kan dání, ìyẹn oúnjẹ ẹ̀pà tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ tó rù gan-an, ẹ má tíì ya á. Òróró inú rẹ̀ máa ń dá dúró lọ́tọ̀ bó bá ti pẹ́ nínú páálí, nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ìka fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀ títí yóò fi dọ́gba, kí ẹ tó ya etí kan. Ohun tó máa yọ jáde kò ju ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ mílíìkì oníyẹ̀fun, ṣúgà, òróró, fítámì àti mínírà. Ọmọ á fẹnu fa á látinú ọ̀rá. Kò sí síse, kò sí abọ́ tí ẹnì kankan máa fọ̀. Ọ̀rá kan wúwo tó gíráàmù 92, kálórì 500 ló sì wà nínú rẹ̀.

Àìsí omi nínú rẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Kòkòrò àìsàn kì í ráyè pọ̀ sí i nínú ohun tí kò lómi, ìdí nìyẹn tó fi lè lo ọdún méjì láìsí fíríìjì. Níbi tí ọ̀dá ti gbẹ kànga, mílíìkì tí wọ́n bá fi omi ìdọ̀tí pò ló máa ń sọ ọmọ sínú ìgbẹ́ gbuuru. Ọdún 1996 ni André Briend, dókítà ọmọ Faransé, àti Michel Lescanne ti ilé iṣẹ́ Nutriset gbé e jáde. Lọ́dún 2005, tí ebi mú ní Niger lẹ́yìn ọ̀dá àti eéṣú, òun ni wọ́n fi tọ́jú ọ̀pọ̀ ọmọ nínú ilé ìyá wọn. Ní 2007, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, àti UNICEF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, fọwọ́ sí i pé ọmọ tó rù gan-an àmọ́ tí kò ní àìsàn mìíràn lè gba ìtọ́jú nílé.

Kí ló wá kàn wá ní Ìkòròdú níbí, tí òjò ń rọ̀, tí ọ̀sà sì wà lẹ́bàá wa? Ọmọ tó rù kò sí nílẹ̀ ọ̀dá nìkan.

Tépù tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọ olóṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún ló máa sọ ẹni tó nílò rẹ̀. Bí apá òkè kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, àwọ̀ pupa nìyẹn, Plumpy'Nut ló kàn. Láti 11.5 títí dé abẹ́ 12.5, yẹ́lò ni. Ẹ tún fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ méjèèjì, kì í ṣe àtẹ́lẹsẹ̀, kí ẹ sì ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ojú ibẹ̀ bá jin kòtò tí kò sì tètè kún, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, kódà bó sanra lójú.

Ọmọ kílò 4 sí 5.4 á jẹ ọ̀rá méjì lójúmọ́, ti kílò 7 sí 8.4 á jẹ mẹ́ta. Ẹ ṣírò rẹ̀: mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méje jẹ́ 147, páálí kan sì jẹ́ 150. Páálí kan ọmọ kan ni. Ibẹ̀ ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́. Ìyá á gba ti ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀gbọ́n á fẹnu kàn án, àbúrò á fẹnu kàn án, ìwọ̀n ọmọ kò ní gòkè, wọ́n á sì ní oògùn kò ṣiṣẹ́. Ọmú ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, omi mímọ́ sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí, torí ó máa ń mú òùngbẹ wá. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Èyí tí kò bá sì lè jẹ ẹ́ rárá, ọsibítù ni.

Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún aláìsàn. Ẹni tó bá ń tà á lórí àtẹ, ọwọ́ ọmọ kan níbì kan ló ti jí i. A fún ọjà yìí ní 9 nínú 10. Máàkì kan tó kù, mílíìkì tó gbówó lórí ló gbà á.

Tom Brown inú ike tí wọ́n ń tà káàkiri Ìkòròdú, ìyẹn ìyẹ̀fun ọkà, sóyà àti ẹ̀pà tí wọ́n máa ń sè fún ọmọ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ti ọmọ tí ara rẹ̀ ṣì le, tàbí tí apá rẹ̀ wà ní yẹ́lò, ni. Kì í ṣe ti pupa. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Borno àti Yobe ni kílò ọkà mẹ́fà, sóyà mẹ́ta, ẹ̀pà kan. Òṣùwọ̀n kílò là ń wí, kì í ṣe kóńgò. Àmọ́ ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà, àgbàdo ló kún inú rẹ̀, torí sóyà àti ẹ̀pà wọ́n jù ú lọ, wọ́n á wá kọ dàbínù, ọ̀fìọ̀ àti álímọ́ńdì sára ike kó lè dùn ún wò. A fún un ní 5.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀, kó se sóyà fún ogún ìṣẹ́jú, kó bó èèpo rẹ̀, kó sá a, kó tó wá yan án. Sóyà tí kò jinná kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú ọmọ. Ẹ̀pà kò ṣeé lọ̀ lóun nìkan, yóò lẹ̀ mọ́ra, á sì dí ẹ̀rọ; ẹ pò ó mọ́ àgbàdo kí ẹ tó dà á sínú ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan fọ ẹnu ẹ̀rọ náà, kí ẹ dà á nù, nítorí ata tí wọ́n lọ̀ ṣáájú. Bí ẹ bá fẹ́ sè é, ẹ bu ìyẹ̀fun náà ṣíbí ńlá mẹ́ta, omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi pò ó, kó wá hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán, pẹ̀lú ṣíbí epo pupa kékeré kan àti edé lílọ̀. Kó ki débi tí kò fi ní ṣàn lára ṣíbí bí ògì.

Ẹ má lọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lásìkò òjò. Ẹ ṣa ẹ̀pà kí ẹ tó yan án: èyí tó bá hunjọ, tó dúdú tàbí tó ti bu, ẹ jù ú nù. Aflatoxin, oró tí ebu máa ń fi sínú rẹ̀, kì í kú tán sínú iná, bó ti wù kí ẹ sè é pẹ́ tó.