Mo ti dáná oṣù mẹ́jọ lórí àdògán alámọ̀ yìí

Ẹ̀wà ló kó mi sí i. Èèyàn méje la wà nílé, kò sì sí Sátidé tí a kì í se ẹ̀wà olóyin, kóńgò kan gbáko. Nígbà tí kílò gáàsì kan wá kọjá ₦1,000 lọ́dún 2024, mo wò ó pé kí n máa fi gáàsì se ẹ̀wà àti kí n máa dáná sun owó gan-an, ọ̀kan náà ni. Mo bá gbé àdògán ìyá ọkọ mi jáde lẹ́yìnkùlé, irú èyí tí àwọn wẹ́dà máa ń fi ríìmù ọkọ̀ ṣe. Ríìmù yẹn ò lè bàjẹ́, ọmọ ọmọ mi ṣì máa bá a níbẹ̀. Àmọ́ alájẹkì ni. Àpò èédú tí mo rò pé a ó lò fún oṣù kan, ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ ló fi gbé e mì.

Ìyá Ìbejì tó ń dín àkàrà lójúde wa ló fi òmíràn hàn mí. Ó ní, "Ìyá Tádé, ẹ fọwọ́ kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́." Ẹyinná ń pọ́n fòò nínú rẹ̀. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ fẹ́ kí n bó ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá a mú. Èmi náà fọwọ́ kàn án. Ó gbóná o, àmọ́ kò jó mi.

Páànù ni ìta rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò amọ̀ tó nípọn tó ìka méjì ló wà nínú, tí wọ́n dá ihò sí nídìí kí eérú lè máa já bọ́ sísàlẹ̀. Ilẹ̀kùn páànù kékeré kan wà nísàlẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé. Irin kì í fi ooru pamọ́, bó ṣe ń gbà á ló ń tú u dà síta. Amọ̀ ní tirẹ̀ á dì í mú, á máa dá a padà sídìí ìkòkò ọbẹ̀. Ará Kẹ́ńyà ló gbé èyí tó ní ìbàdí jáde lẹ́yìn ọdún 1980, tó fẹ̀ lókè, tó fẹ̀ nísàlẹ̀, tó sì fún láàárín. Jiko ni wọ́n ń pe àdògán lédè Swahili, ara àdògán àwọn ará Thailand ni wọ́n sì ti rí ọgbọ́n amọ̀ inú rẹ̀ kọ́. Tèmi ò ní ìbàdí, gbọọrọ ló lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rà á. Orí fóònù ni mo ti ra àkọ́kọ́, ₦9,500, lọ́wọ́ ẹnì kan tí àwòrán rẹ̀ dára ju ọjà rẹ̀ lọ. Nígbà tí ọlọ́kadà gbé e dé, mo ti ń gbọ́ tó ń ró wóróworo nínú páálí. Amọ̀ inú rẹ̀ ti fọ́ sí mẹ́ta, kò tilẹ̀ jiná: mo fi èékánná ha á, ó ń ṣí bí erùpẹ̀. Mo pe ẹni tó tà á. Ó ní kí n fi àwòrán ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́, mo rí i pé ó ti wò ó, títí di òní. Ìgbà kejì, mo gba ọjà lọ fúnra mi, mo sì ṣe é bí ìyá àgbà wa ti máa ń ṣe sí ìkòkò: mo fi ìka kàn án nínú, kó, kó, kó. Èyí tó jiná dáadáa á dún ketekete, èyí tó ti là níbì kan ohùn rẹ̀ á kú. Wọ́n pè é ní ₦12,000, mo ná an títí ó fi di ₦10,500.

Mo ní ìwọ̀n kékeré tí mo fi ń wọn fúláwà, mo bá fi ń wọn èédú. Kóńgò ẹ̀wà kan, ìkòkò kan náà, ọmọrí kan náà, Sátidé mẹ́ta lórí ríìmù, mẹ́ta lórí alámọ̀. Ríìmù ń jẹ bíi kílò méjì dín díẹ̀. Sátidé àkọ́kọ́ lórí alámọ̀, kílò méjì dín díẹ̀ náà ni! Inú bí mi, ó ku díẹ̀ kí n gbé e padà sọ́jà. Ìyá Ìbejì ló wá wo bí mo ṣe ń ṣe é, ó pòṣé. Mo ti ṣí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ sílẹ̀ gbayawu láti àárọ̀, mo tún ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ bí alágbẹ̀dẹ. Ó ní, "Tó bá ti hó, ẹ tì í. Ẹ ṣẹ́ ìwọ̀n ìka kan péré kù." Láti Sátidé kejì, kílò kan lé díẹ̀ ló ń jẹ. Ọjọ́ tí mo bá sì gbàgbé ilẹ̀kùn, á tún di ti ríìmù. Ẹ má sì kó èédú ga kọjá etí amọ̀, páànù lẹ ń sè nígbà yẹn.

Ibi tó ti ń yọ mí lẹ́nu kò ṣe é fi pamọ́. Kì í tètè mú. Amọ̀ á kọ́kọ́ mu ooru tirẹ̀ yó ná, bí ogún ìṣẹ́jú, kí ìkòkò tó rí nǹkan kan. Ẹni tó fẹ́ bu omi gbígbóná fún ọmọ tó ń lọ sílé ìwé, kó má ṣèyọnu. Àmàlà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká má sọ ọ́. Bí ọmọrogùn bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àdògán náà á máa jó. Mo ti ní kí Tádé fi ẹsẹ̀ méjèèjì dì í mú rí, lẹ́yìn náà ni mo ronú ohun tí mo ń ṣe, mo lé e kúrò. Orí ríìmù ni mo ti ń ro àmàlà báyìí.

Lóṣù kẹta, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ da omi sí i kó lè tètè kú. Ẹ̀bi mi ni, bí mo ṣe ń pa iná ríìmù nìyẹn. Ó là láti etí dé ìdí. Mo po eérú mọ́ sìmẹ́ǹtì, mo fi dí i, ó ṣì ń bá mi ṣe é di òní.

Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára kọ ọ́ gàdàgbà pé kò ní èéfín. Irọ́ ni. Tí ẹ bá ń ṣáná sí i, á rú èéfín, pàápàá tó bá jẹ́ ọ̀rá lẹ fi ń tàn án, tí gbogbo àdúgbò á máa wúkọ́. Ògùṣọ̀ ni kẹ́ ẹ wá. Èyí tó wá burú ni èyí tí ojú ò rí. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ní ẹyinná ti pọ́n, kò sí èéfín mọ́. Kò pé wákàtí kan, orí ń fọ́ Tádé, èébì ń gbé mi. Kábọ́nù mọnọ́ksáìdì ni, kò láwọ̀, kò lóòórùn, èédú tó pọ́n dáadáa gan-an ló sì ń tú u jáde. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 èèyàn ni èéfín ìdáná inú ilé pa lọ́dún 2020. Láti alẹ́ yẹn, tí òjò bá ń rọ̀, gáàsì.

Bébà kan náà tún ní ẹni tó bá rà á ti gba igbó là. Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Ẹ gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí, ẹ ó rí àpò èédú tí wọ́n tò sẹ́bàá títì, tí wọ́n fi ewé dí lẹ́nu. Igi ayin ni àwọn tó mọ èédú ń wá, torí ó ń dún bí irin, kì í sì í ta pàrà. Wọ́n sì ń gé igi emi mọ́ ọn, igi tá a fi èso rẹ̀ ń ṣe òrí. Àǹtí mi kan tó ń ṣe òrí lápá ibẹ̀ sọ pé ibi tóun ti ń ṣa èso tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni. Ní báyìí, ọ̀kadà lòun ń gùn lọ. Iná abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi ń sun èédú máa ń gbé kílò igi márùn-ún sí mẹ́wàá kí ó tó fún wọn ní kílò èédú kan. Nítorí náà, èédú díẹ̀ tí mo ń yọ kúrò ní Sátidé kan, ẹ̀ka igi tí ọmọdé ò lè gbé ni. Mo gbà pé ó dára. Àmọ́ igi ṣì ni mo ń sun, kò sí bébà tó lè pa ìyẹn rẹ́.

Ẹ rà á tó bá jẹ́ pé ohun tó ń pẹ́ lórí iná lẹ máa ń sè: ẹ̀wà, ṣàkì, ẹsẹ̀ màlúù, ègbo. Ẹ lọ sọ́jà, ẹ kàn án kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tì í, tí kò bá pa dé dáadáa, ẹ gbé e sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jáde láàárọ̀, mo bá Ìyá Ìbejì nídìí ríìmù. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin náà!" Ó ní epo àkàrà ò mọ ilẹ̀kùn, iná tó ń ké ló fẹ́, oníbàárà aago mẹ́fà ò sì ní dúró kí amọ̀ gbóná. Alámọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ ku ìka kan, ìkòkò ògì ń hó lórí rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.