“Come Together”: ti Beatles ni àbí ti Aerosmith?

Orin kan náà ni ẹgbẹ́ olórin méjèèjì kọ, Beatles ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Aerosmith ti Amẹ́ríkà, àmọ́ ẹ gbọ́ méjèèjì tẹ̀léra, ẹ ó rí i pé wọ́n jìnnà síra. Ti Beatles lèmi fẹ́ràn jù.

John Lennon, ọ̀kan nínú àwọn Beatles, kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe orin ìpolongo ìbò fún Timothy Leary, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tó ń du ipò gómìnà California. Ó yá ìlà kan lò nínú orin Chuck Berry, gbajúmọ̀ olórin Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ sì di ti ilé ẹjọ́. Paul McCartney, ẹlẹgbẹ́ Lennon, ló ní kí wọ́n dẹ eré orin náà. Ìyẹn gan-an ló gbà á là: gìtá baasi rẹ̀ ń yọ́ rìn bí ológbò, ìlù Ringo Starr, onílù wọn, ń dún lábẹ́lẹ̀, Lennon sì ń rojọ́ kántankàntan nípa ọkùnrin abàmì kan. Kò nítumọ̀, ó sì dùn bẹ́ẹ̀. Ó gba ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1969.

Ní 1978, Aerosmith gbé gìtá lé e lórí. Ibi tí Lennon ti rọra sọ̀rọ̀, Steven Tyler, akọrin Aerosmith, lọgun níbẹ̀. Ipò 23 ni tiwọn dé ní Amẹ́ríkà. Ó le dáadáa, àmọ́ àdììtú inú rẹ̀ ti sá lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wa mọ́tò lóru, ti Aerosmith ni kó tẹ̀: kò ní jẹ́ kó tòògbé.