Basic Instinct (1992): wọ́n gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, wọ́n ní àwọn tún un ṣe ni

Ẹni tó bá fẹ́ràn fíìmù ọ̀daràn tí ìbálòpọ̀ wọnú rẹ̀ ti mọ ìtàn Catherine Tramell, òǹkọ̀wé tí àwọn ọlọ́pàá fura sí pé ó pànìyàn, n kò ní tún un rò. Ẹ̀dà tí ilé-iṣẹ́ kan tó ń yáni ní fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbé fún mi ló ń bí mi nínú.

Yàrá tí àwọn ọlọ́pàá ti ń da ìbéèrè bo Sharon Stone, tó ṣe Catherine, ni àṣírí ti tú. Jan de Bont ya fíìmù yìí ní fífẹ̀: ìbú àwòrán jẹ́ ìlọ́po 2.39 gíga rẹ̀, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ayé òde òní jẹ́ 1.78. Tí nǹkan bá pé, ọ̀já dúdú gbọ́dọ̀ wà lókè àti nísàlẹ̀. Kò sí ọ̀já kankan níbi tèmi. Àwòrán kún ojú tẹlifíṣọ̀n bámúbámú, ìyẹn ni pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbú rẹ̀ ti pòórá. Ìran yìí sì ni kò gba irú ẹ̀! Obìnrin kan ṣoṣo lórí àga, àwọn ọkùnrin tẹ́ rẹrẹ síwájú rẹ̀, ó ń mu sìgá níbi tí wọ́n ní kó má ti mu ún, òun gan-an ló sì ń darí wọn. Nínú ẹ̀dà yìí, ọkùnrin kan ti di ìdajì ojú, èkejì ti di èjìká lásán.

Òṣìṣẹ́ tó kọ́kọ́ dá mi lóhùn ní kí n pa tẹlifíṣọ̀n, kí n tún un tàn. Mo fi fíìmù mìíràn lọ́dọ̀ wọn hàn án, ọ̀já dúdú wà níbẹ̀ kedere. Ó ní àwọn oníbàárà ló ń ráhùn nípa ọ̀já, ni àwọn bá "tún un ṣe". Ẹ gbà mí o!

Obìnrin tó gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ mọṣẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mi ni pé ìṣẹ́jú mélòó ló jẹ́. Mo ní 123, dípò 128 tó yẹ kó jẹ́. Ó ní kì í ṣe pé wọ́n yọ ìran ìbálòpọ̀. Ohun tí wọ́n gé kúrò kó tó wọ sinimá ní Amẹ́ríkà kò tó ìṣẹ́jú kan. Àwòrán 24 ni sinimá ń lò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tẹlifíṣọ̀n Yúróòpù àtijọ́ ń lo 25. Bí wọ́n bá ti ta á sáré báyẹn, 128 á di 123, ohùn á sì lọ sókè díẹ̀. Abájọ tí orin Jerry Goldsmith fi ń dún tín-ín-rín! Ó dá owó mi padà, ó sì wá ẹ̀dà tó pé jáde nínú àkójọ wọn kan náà.

Ẹ̀dà yẹn, àrà ni. Orin náà ń yí po, kò fẹ́ balẹ̀ síbì kan, bíi ti Catherine fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Nick, ọlọ́pàá tó ń wádìí Catherine, ṣe sí Beth, dókítà ọpọlọ àwọn ọlọ́pàá, ní ilé Beth, ipá ni, fíìmù sì kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀. Níparí, ńṣe ni ẹ̀rí ń já lu ara wọn. Àwọn tó ń jiyàn pé fíìmù kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ sọ fún mi: kí ni kámẹ́rà lọ wá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?

Ẹ̀dà gígé yẹn ṣì ni wọ́n gbé síwájú fún ẹni tó bá wá a. Ẹ wo iye ìṣẹ́jú kí ẹ tó sanwó.

Fíìmù: 3 nínú 5. Ilé-iṣẹ́: 4 nínú 5, obìnrin yẹn ló ni gbogbo rẹ̀.