Ìrìn-àjò ẹ̀sìn sí àwọn ìlú Luther ní Jámánì: ṣé ó tó owó tí wọ́n gbà?

Afinimọ̀nà ni kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó fún irú ìrìn-àjò yìí, ẹ má wo bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì tiwa dára, àga rẹ̀ ń dẹ̀ sẹ́yìn, ó tutù nini, síbẹ̀ kì í ṣe òun ni mò ń rántí. Ìlú márùn-ún ni ètò náà kárí ní ìlà-oòrùn Jámánì: Leipzig, Wittenberg, Eisleben, Erfurt àti Eisenach. Kò sí èyí tí ẹsẹ̀ Martin Luther, àlùfáà tó ta ko ìjọ Àgùdà títí ìjọ fi pín, kò tẹ̀ nínú wọn. Ọmọ ìjọ oríṣiríṣi la jọ lọ: Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì, Onítẹ̀bọmi, àti màmá kan láti ìjọ Àgùdà tó ní òun kàn fẹ́ fojú ara òun rí ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Pásítọ̀ kan ni olórí wa, èèyàn jẹ́jẹ́ tó lè fi àdúrà jí òkú. Ilé-iṣẹ́ náà sì tún gba obìnrin ará Jámánì kan tó kàwé nípa ìtàn láti máa fi wá mọ̀nà. Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò ti bára mu gan-an ni mo ti jẹ̀gbádùn owó mi.

Akọrin ni mí, álítò ni mò ń kọ, nítorí náà Leipzig ló ti ń fa ọkàn mi kí a tó gbéra. Ṣọ́ọ̀ṣì Thomas Mímọ́ ni Johann Sebastian Bach, àgbà olórin Jámánì, ti darí orin láti 1723 títí tó fi kú ní 1750. Sàréè rẹ̀ wà níwájú pẹpẹ, àwo idẹ pẹrẹsẹ tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, kò sí àṣehàn kankan. Ibòmíràn ni wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí o. 1950 ni wọ́n gbé e wá síbẹ̀. Ẹni tó ṣètò ìrìn-àjò náà lo ọpọlọ níbí: ọjọ́ Ẹtì ló mú wa débẹ̀, nítorí pé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ẹgbẹ́ akọrin ọmọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1212, máa ń kọrin. Òkè lẹ́yìn èrò ni wọ́n ti ń kọ ọ́, lẹ́bàá dùùrù. Àwa tó ti mọ́ lára láti máa wo akọrin lójú kọ́kọ́ ń yí ọrùn bí adìyẹ. Nígbà tó yá, a jókòó jẹ́ẹ́, a jẹ́ kí ohùn máa bọ́ lé wa lórí. Álítò wọn, ọmọdékùnrin ni! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ̀wé fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì Nikolai tó wà nítòsí ni wọ́n fi wá ré kọjá, ó sì dùn mí. Àdúrà àlàáfíà tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé ló di ìwọ́de ńlá ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 1989, nígbà tí nǹkan bí 70,000 èèyàn tú sí ìgboro, tí ìjọba Kọ́múníìsì ìlà-oòrùn Jámánì ìgbà náà kò sì lè yìnbọn. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni ògiri Berlin, tó pín ìlú náà sí méjì, ṣí. Ẹ wá gbé ẹgbẹ́ aládùúrà débẹ̀, ẹ sì ní kí wọ́n tètè jáde kí wọ́n lọ ra ṣokoléètì!

Wittenberg ni wọ́n ti ṣe é dáadáa jù. Bí a ti dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ilé olódi, pásítọ̀ wa na ọwọ́: “Ẹ wo ilẹ̀kùn tí Luther kan ìwé mọ́!” Afinimọ̀nà jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀, ó wá fi sùúrù sọ pé ilẹ̀kùn onígi ìgbà náà jóná nígbà ogun ní 1760, pé 1858 ni wọ́n gbé ti idẹ yìí síbẹ̀, tí wọ́n kọ kókó 95 tó wà nínú ìwé Luther sí i lára ní èdè Látìn. Ó ní pé Luther fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú Mainz lọ́jọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1517 láti ta ko ìwé ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjọ ń tà, ìyẹn dájú. Òòlù àti ìṣó ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé lórí. Màmá ìjọ Àgùdà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Pásítọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Inú ṣọ́ọ̀ṣì náà ni wọ́n sin Luther àti Melanchthon, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, sí, a sì kọ orin Luther tó ti inú Sáàmù 46 wá, èyí tí wọ́n kọ ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ yí ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà po.

Lẹ́yìn èyí ni afinimọ̀nà mú wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ìlú, níbi tí Luther ti ń wàásù. Kò jẹ́ ká wọlé. Ó mú wa yí sí ẹ̀gbẹ́, ó ní ká gbójú sókè. Ère òkúta kan wà lára ògiri, láti nǹkan bí 1290, tó fi àwọn Júù hàn pẹ̀lú ẹlẹ́dẹ̀ láti fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó ní Luther fúnra rẹ̀ kọ ìwé burúkú kan lòdì sí àwọn Júù ní 1543. Ohun ìrántí àwọn Júù tí wọ́n pa wà nílẹ̀ níbẹ̀ láti 1988. Júù kan pẹjọ́ kí wọ́n yọ ère náà. Ní 2022, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ó lè wà níbẹ̀. Bàbá kan nínú wa bínú: “Ṣé torí èyí la ṣe wá?” Èmi rò pé torí rẹ̀ gan-an ni. Ilé-iṣẹ́ tó bá kó yín lọ wo ìtàn ìjọ, tí kò mú yín dé ìdí ògiri yẹn, ààbọ̀ ìtàn ló tà fún yín.

Ẹ̀sùn mi tó tóbi jù, Eisleben ni. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Luther sí ní 1483, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 1546. Wọ́n tún lọ yà sí ọjà ńlá kan lójú ọ̀nà, ìgbà tí a fi débẹ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú. Díẹ̀ ló kù ká má rí ṣọ́ọ̀ṣì Peteru àti Paulu, níbi tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un lọ́jọ́ kejì ìbí rẹ̀. Wọ́n ti gbẹ́ ojú omi ìtẹ̀bọmi ńlá sínú ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà báyìí, àgbàlagbà lè rì sínú rẹ̀. Àwọn Onítẹ̀bọmi wa dúró yí i ká, wọ́n ń wo àwa tí wọ́n wọ́n omi sí lórí bí ẹni pé wọ́n ti jàre.

Erfurt kò burú. Ẹ wọ bàtà gidi, àtẹ̀gùn 70 ló gòkè lọ sí kàtídírà tí wọ́n ti fi Luther jẹ àlùfáà ní 1507. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ilé àwọn mọ́ńkì tí Luther wọ̀ ní 1505 ń gba àlejò sùn títí dòní, òtẹ́ẹ̀lì etí títì márosẹ̀ ni wọ́n sì fi wá sí. Ariwo ọkọ̀ ajàgbé ni mo fi sùn.

Ní Eisenach, wọn kò sọ fún àwọn àgbà pé òkè gidi ni wọ́n máa pọ́n dé ilé olódi Wartburg. Yàrá tí Luther sá pamọ́ sí lókè yẹn kò ju tábìlì, àga àti àdògán lọ, ibẹ̀ ló ti túmọ̀ Májẹ̀mú Tuntun sí èdè Jámánì ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Ó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1522. Mo rántí Àjàyí Crowther níbẹ̀, ta ni kò ní rántí rẹ̀? Pásítọ̀ ń wá àbàwọ́n tádàwá tí wọ́n ní Luther sọ mọ́ èṣù. Afinimọ̀nà ní àlọ́ ni, pé àwọn àlejò ló ti ń ha ògiri náà lọ sílé fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n sì ń tún un kùn. Lọ́tẹ̀ yìí, pásítọ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Màá tún bá wọn lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè orúkọ òtẹ́ẹ̀lì, ẹ béèrè bóyá oúnjẹ alẹ́ wà nínú owó náà (kò sí nínú tiwa), kí wọ́n sì bá àwọn àgbà wá ọkọ̀ kékeré gun òkè Wartburg. Ẹ mú owó yúrò wẹ́wẹ́ dání fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ojú ọ̀nà. Bí wọ́n bá ní ètò ọjà rírà wà ní ọjọ́ Eisleben, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́.