Lexus ES 350 ọdún 2019: F Sport ni àbí Ultra Luxury?

Oríṣi méjì lára ọkọ̀ yìí ni F Sport àti Ultra Luxury. Ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì: V6 lítà 3.5, agbára ẹṣin 302, jíà 8. Ẹni tó bá sọ fún yín pé F Sport ń sáré ju èkejì lọ, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Gíríìlì iwájú F Sport rí bí àwọ̀n. Ti Ultra Luxury ní ọ̀pá wẹ́wẹ́ tó dúró lóòró. Ìjókòó F Sport gbá èèyàn mú níhà méjèèjì, ó dáa fún awakọ̀ tó fẹ́ràn kọ́nà. Awọ Ultra Luxury rọ̀ ju tirẹ̀ lọ, bọ́tìnnì lẹ sì máa tẹ̀ kí aṣọ ìbòòrùn gíláàsì ẹ̀yìn tó gòkè. Ọkọ̀ ọ̀gá tó ń jókòó sẹ́yìn nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ká mi lára jù. Ríìmù F Sport jẹ́ ínǹṣì 19, táyà rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Lójú títì Amẹ́ríkà, kò burú. Ṣùgbọ́n bó bá di tòkunbọ̀ l'Ékòó, kòtò kan ṣoṣo lè tẹ ríìmù ọ̀hún. Èmi á mú Ultra Luxury, pàápàá bí ìyá mi bá máa wọ̀ ọ́.