Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ tí ẹ ń sin màlúù, ẹ ṣọ́ra fún oníyọ̀ aràn yìí

Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, ẹlòmíì ló kàn. Ó ti lé lọ́dún 10 tí mo ti ń sin màlúù, ọmọ kékeré ṣì lù mí ní jìbìtì.

Iyọ̀ lílá ni, èyí tó rí bíi búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n ní àwọn po oògùn aràn mọ́. Ọkùnrin náà fi kórópe gbé e wá bá mi lóko lọ́nà Noforija, ó wọ kóòtù funfun bíi dókítà. Kóòtù funfun! Nínú oòrùn ọ̀sán! Ó ní fenbendazole ló wà nínú rẹ̀, pé mi ò ní í de màlúù mọ́lẹ̀ kí n tó fún un lóògùn mọ́, kí n ṣáà gbé e sí pápá, wọn á máa lá a, aràn á máa bá ìgbẹ́ jáde. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí, torí akọ kan ti ta mí nípàá rí nídìí oògùn. Mo ra 12, ₦9,500 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: ₦114,000! Mo fún un lómi tútù. Nígbà tí kórópe rẹ̀ kọ̀ láti sítáàtì, èmi fúnra mi ni mo bá a tì í. Owó mi ni mo ń tì lọ.

Kò ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ, abo kan tó lóyún bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú bíi pé ó há ọsàn síbẹ̀, inú ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní, "Oògùn ló ń ṣiṣẹ́ o, ẹ ní sùúrù, bàbá mi." Bàbá ta ni? Mo ní sùúrù, ọmọ màlúù 2 kú, abo náà tẹ̀lé wọn. Fóònù rẹ̀ kò wọlé mọ́.

Ìyàwó mi ní òun kìlọ̀ fún mi. Irọ́ ni. Ohun tó sọ kò ju pé kóòtù yẹn dọ̀tí.

Dókítà ẹran wo páálí, ó bi mí léèrè ibi tí wọ́n kọ iye oògùn sí. Ẹnu mi wọhò. Ó ní mílígíráàmù 5 ni fún kílò kan, pé màlúù tó wọn kílò 300 yóò gba 1,500. Ó ní kódà bí iyọ̀ bá jẹ́ ojúlówó, àwọn alágbára ló ń lá a jù, wọ́n á lé ọmọ màlúù sẹ́yìn, fenbendazole náà kì í sì í pa aràn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń kó nínú koríko àbàtà wa yìí, níbi tí ìgbín wẹ́wẹ́ tó ń gbé aràn náà kiri wà. Ṣé èmi ló yẹ kí n mọ ìyẹn ni, àbí ẹni tó ń tà á?

Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà yẹ ìgbẹ́ màlúù wò. Ẹ má sanwó lóko. Ó tán.

Gbogbo àwọn tó ń tajà fún wa náà ni olè. Eèrí àgbàdo tí mo rà lánàá, mo ti jọ̀ ọ́, mò ń wá yanrìn.

Tí ẹ bá rí kóòtù funfun nínú kórópe tí kì í tètè sítáàtì, ẹ má bá a tì í.